Jagun Jagun ni mo mú fún pírójẹ́ẹ̀tì: ìtàn, àwọn òǹwòran, àti bí wọ́n ṣe gbà á

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgbowó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin ìyá wa. Jagun Jagun, fíìmù oníjà tó jáde lórí Netflix ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ 2023, ni mo mú fún pírójẹ́ẹ̀tì àṣekágbá. Ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ náà ní kí n yẹ ohun mẹ́ta wò: ìtàn inú rẹ̀, àwọn tí wọ́n ṣe é fún, àti bí àwọn òǹwòran ṣe gbà á. Ojú ewé 60 ni wọ́n ń fẹ́, ọ̀sẹ̀ 12 ló kù. Lápútọ́ọ̀pù wà, fóònù wà, owó dátà ni kò pọ̀. Níbo ni kí n ti mú un? Kí ló sì máa ń ba irú iṣẹ́ báyìí jẹ́?

Ẹ̀gbọ́n Mọ́kọ́lá

Àbúrò, o kú ìmúra. Èyí tó máa ń bà á jẹ́ jù ni pé ọ̀pọ̀ á da ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìkòkò kan. Wàá rí i kà pé "fíìmù yìí ń kọ́ni pé agbára ní òpin, ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi fẹ́ràn rẹ̀." Ta ló sọ fún òǹkọ̀wé pé ìdí nìyẹn? Kò bi ẹnikẹ́ni. Ohun kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tí ẹ̀rí rẹ̀ ń gbé. Ẹ̀rí ìtàn wà nínú fíìmù fúnra rẹ̀. Ẹ̀rí àwọn tí wọ́n ṣe é fún wà nínú èdè tí wọ́n fi ṣe é, nínú pósítà, nínú ìpolówó, ní ọjọ́ tí wọ́n gbé e jáde àti ibi tí wọ́n gbé e sí. Ẹ̀rí bí wọ́n ṣe gbà á wà lẹ́nu àwọn tó wò ó àti nínú ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀. Bí o bá fi ẹ̀rí ọ̀kan gbe èkejì lẹ́sẹ̀, ọjọ́ tí o bá dúró níwájú wọn láti gbèjà iṣẹ́ rẹ ni wọ́n á fà á ya.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kó so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. "Àtúpalẹ̀ Jagun Jagun" kì í ṣe ìbéèrè. Gbé irú èyí yẹ̀ wò: nínú ìjà inú Jagun Jagun, iṣẹ́ wo ni ọ̀rọ̀ ẹnu ń ṣe tí idà kò lè ṣe, ǹjẹ́ ẹni tó gbọ́ Yorùbá àti ẹni tó ń ka ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nísàlẹ̀ àwòrán sì rí iṣẹ́ yẹn bákan náà? Ìtàn ń bẹ nínú ìbéèrè yìí, òǹwòran ń bẹ níbẹ̀, ohun tí wọ́n sọ lẹ́yìn tí wọ́n wò ó tán náà ń bẹ níbẹ̀.

Wo fíìmù náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ti àkọ́kọ́, má dá a dúró, má sì kọ nǹkan kan. Bó bá parí, kọ ìlà mẹ́ta péré: ohun tó dùn mọ́ ọ, ibi tó sú ọ, ẹni tí o ń gbè lẹ́yìn. Tọ́jú ìwé yẹn, torí tí o bá ti wò ó tán lẹ́ẹ̀mẹta, o ò ní rántí bó ṣe rí lójú àlejò mọ́. Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni ti ìwé ìran. Fa òpó márùn-ún sínú ìwé àjákọ: ìṣẹ́jú tí ìran bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó parí, ibi tó ti wáyé, àwọn tó wà níbẹ̀, ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ń wá, àti ohun tó yí padà kí ìran tó parí. Òpó karùn-ún yẹn ni baba. Bí o bá kọ "wọ́n jà" síbẹ̀, o ò tíì kọ nǹkan kan. "Wọ́n jà, ọ̀gá wá rí i pé ọmọ yìí lè gba ipò mọ́ òun lọ́wọ́": ìyẹn ni ohun tó yí padà. Fíìmù tó lé ní wákàtí méjì lè ní ìran 60 sí 100, nítorí náà pín in sí ọjọ́ mẹ́ta, ìṣẹ́jú 45 sí ọjọ́ kan. Ojú tó ti rẹ̀ máa ń fo ìran.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgbowó

Ẹ ṣé gan-an, sà. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ńkọ́?

Aláwòrán Òkè-Àdó

Ẹ jẹ́ kí n gba ìyẹn lẹ́nu ẹ̀gbọ́n. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ìjà nìkan ni kí o wò. Mú ìjà mẹ́ta: ọ̀kan níbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan láàárín, àti èyí tó kẹ́yìn. Wo ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹrin.

Lákọ̀ọ́kọ́, pa ohùn rẹ̀ pátápátá. Máa ka àwòrán. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gé e tí ojú fò láti ibì kan sí ibòmíràn, fa igi kan sórí ìwé. Bó bá parí, fi ọ̀kan kún un, torí gígé 44 ló ń bí àwòrán 45. Fi iye àwòrán pín iye ìṣẹ́jú-àáyá. Ìjà ìṣẹ́jú-àáyá 90 tó ní àwòrán 45, méjì méjì ni àwòrán kọ̀ọ̀kan gbà. Èyí tó ní àwòrán 15 nínú 90 yẹn kan náà, mẹ́fà mẹ́fà ni. Lápútọ́ọ̀pù ni kí o fi kà á, kì í ṣe fóònù, kí o sì dín ìyára rẹ̀ kù sí 0.5, Netflix gbà bẹ́ẹ̀. Bí àwòrán kò bá mọ́, gígé kíákíá á para pọ̀ mọ́ra, o máa ka 30 níbi tó yẹ kí o ka 40.

Àwọn èèyàn máa ń ṣi iye yìí túmọ̀. Wọ́n á ní gígé kíákíá túmọ̀ sí pé ìjà gbóná. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé òṣèré náà kò lè ju ẹsẹ̀ dáadáa, tàbí pé ẹlòmíràn ló bá a ja apá yẹn, olóòtú wá ń fi gígé bò ó. Bí o ṣe máa mọ̀ ọ́n nìyí: wo àkókò tí ẹ̀ṣẹ́ tàbí idà kan ara. Bí wọ́n bá gé e kété kó tó kan án, tí àwòrán kejì sì bẹ̀rẹ̀ lára ẹni tó ń ṣubú, ìbò ni. Bí ẹni tó ju ẹ̀ṣẹ́ àti ẹni tó jẹ ẹ́ bá wà nínú àwòrán kan náà láìgé, òṣèré ló ṣe é. Àwòrán tó gùn náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Nínú fíìmù Yorùbá, ó sábà máa ń jẹ́ àmì pé ọ̀rọ̀ ló kù tí wọ́n ń fi jà.

Lẹ́ẹ̀kejì, yí ojú sẹ́yìn kí o gbọ́ ohùn nìkan. Kọ ohun tí o gbọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ìlù, irin, ẹsẹ̀ lórí ilẹ̀, orin, ọfọ̀, àti ibi tí gbogbo rẹ̀ ti dákẹ́. Má fojú kéré ibi ìdákẹ́jẹ́ yẹn o, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé ìpinnu sí. Lẹ́ẹ̀kẹta, wo ẹni tó wà lókè àti ẹni tó wà nísàlẹ̀ nínú àwòrán, àti ẹni tí kámẹ́rà ń wo ojú rẹ̀ nígbà tí ẹlòmíràn ń jà. Lẹ́ẹ̀kẹrin, wo gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí o wá bi ara rẹ: bí mo bá yọ ìjà yìí kúrò, ìran wo níwájú ni kò ní yé èèyàn mọ́? Bí kò bá sí, ọ̀ṣọ́ ni ìjà náà. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, má bẹ̀rù. Ọ̀ṣọ́ náà ní iṣẹ́ tó ń ṣe fún òǹwòran.

Má sì gbé gbogbo nǹkan ka orí olùdarí. Olùdarí méjì ló tiẹ̀ ṣe èyí, Tọ́pẹ́ Adébáyọ̀ àti Adébáyọ̀ Tìjání. Fẹ́mi Adébáyọ̀ ló ṣe é jáde, òun náà ló ṣe Ògúndìjì, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ogun inú ìtàn náà. Ka orúkọ tó ń sáré lọ lẹ́yìn fíìmù, kí o kọ orúkọ ẹni tó ṣètò ìjà, ẹni tó gé e àti ẹni tó mójú tó ohùn. Ẹnu ọ̀nà ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń padà, wọn kì í dúró kà á.

Ìyá Bẹẹrẹ

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Gígé àwòrán dára, ṣùgbọ́n tí o bá fi gígé nìkan wọn ìjà Yorùbá, o ti sọ ìdajì nù. Jagunjagun wa kì í gbẹ́kẹ̀ lé apá nìkan. Kí ọmọ yìí kọ́ orúkọ nǹkan, torí "charm" tí ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń kọ sí gbogbo rẹ̀ ti pa gbogbo wọn pọ̀ di ọ̀kan. Òkígbẹ́ ni kì í jẹ́ kí irin wọlé. Ayẹta ni ti ìbọn. Àféèrí ni èèyàn fi ń pòórá lójú ọ̀tá. Egbé ní í gbé e kúrò lójú ogun. Kánàkò ń sún ọ̀nà jíjìn kì. Gbètugbètu ni ẹni tí a pàṣẹ fún á fi ṣe ohun tí a ní kó ṣe láìjanpata. Oǹdè, ìfúnpá, ìgbàdí àti àdó, ibi tí wọ́n ń so wọ́n mọ́ lára ń sọ ohun tí wọ́n jẹ́. Bí o bá rí i pé ọ̀tá na ọwọ́ sí ìfúnpá jagunjagun kan kó tó ṣá a, ìtàn ni o ń wò níbẹ̀, kì í ṣe ijó. Ó mọ ibi tí agbára wà.

Ọ̀rọ̀ ẹnu tún wá wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọfọ̀ kò dọ́gba pẹ̀lú èpè, èpè kò dọ́gba pẹ̀lú àyájọ́. Àyájọ́ máa ń tọ́ka sí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí láti fi pàṣẹ fún ti òní. Ọfọ̀ máa ń fi orúkọ ewé tàbí ẹranko bí iṣẹ́ tó ń rán an. Gbọ́ "àlùpàyídà ní í pa ọ̀rọ̀ dà." Ewé ni àlùpàyídà. "Pa dà" inú orúkọ rẹ̀ ni aṣẹ tí ẹni náà ń pa. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, o máa kà pé ewé kan ń yí ọ̀rọ̀ padà, ìdí tí ewé náà fi lágbára á sì sọ nù. Etí Yorùbá gbọ́ ìdí. Ojú tó ń ka ìtumọ̀ kò rí i.

Orúkọ ẹ̀dá-ìtàn náà wà bẹ́ẹ̀. Gbọ́tijà, tí Lateef Adédìmèjì ṣe: igi ni ẹ̀bùn ọmọkùnrin náà bá tan. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá ti gbọ́ ìjà nínú orúkọ rẹ̀ kó tó rí i tó ń jà. Ẹni tí kò gbọ́ ọ gbọ́dọ̀ dúró kí fíìmù fi hàn án. Ìyẹn nìkan tó ojú ewé mẹ́ta.

Iṣẹ́ rẹ: mú gbólóhùn mẹ́wàá, mẹ́rin nínú ọfọ̀, mẹ́ta nínú òwe, mẹ́ta nínú ọ̀rọ̀ lásán. Kọ Yorùbá rẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, kọ ìtumọ̀ tó hàn nísàlẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe wà, kí o wá kọ ohun tó jábọ́ láàárín. Bí ọfọ̀ kan bá sá ju etí rẹ lọ, gbé e lọ bá àgbà tó mọ̀ ọ́n. Má ṣe méfò. Ọfọ̀ tí o kọ ní àkọtì, gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ dáadáa ló máa rí i.

Bàbá Ìdí-Arẹ́rẹ́

Ìyá, ẹ ṣeun. Ohun kan tó yẹ kí ó kíyè sí: ẹ̀dá inú àròsọ ni Ògúndìjì. Kò sí nínú ìtàn ìlú kankan. Kó má lọ kọ ọ́ bí ẹni pé ogun Kírìjí, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ló ti jà. Ṣùgbọ́n ìlú jagunjagun ni Ìbàdàn. Àwọn ọmọ ogun ló tẹ ibùdó yìí dó ní nǹkan bí 1829, ìlà Balógun ṣì ń gun òkè wá títí dé orí àga Olúbàdàn títí di òní. Nígbà ayé Ìbíkúnlé, Ògúnmọ́lá àti Látòósà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá dé láti ìlú mìíràn á lọ sá di babaogun kan, á jẹun nílé rẹ̀, á jà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó dàgbà nídìí ìtàn yẹn kò ní wo ilé-ẹ̀kọ́ ogun Ògúndìjì bí ohun àjèjì. Ó máa wò ó, á ní "bí babaogun ṣe ń ṣe nìyí" tàbí "babaogun kì í ṣe báyìí." Gbólóhùn méjèèjì wúlò fún ọ. Kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́.

Mú The Woman King ti 2022 wò fún àfiwé, kí o rí bí ibi tí òǹwòran jókòó sí ṣe ń yí fíìmù padà. Ìtàn náà wà ní Dahomey ní 1823, Ọ̀yọ́ sì ni ọ̀tá. Àwọn òǹwòran Amẹ́ríkà tí CinemaScore bi lálẹ́ àkọ́kọ́ fún un ní A+. Àwọn tó mọ ìtàn ń bínú pé ó fọwọ́ kékeré mú òwò ẹrú tí Ghezo, ọba Dahomey, ń ṣe. Ọmọ Yorùbá tó wò ó ń rí Ọ̀yọ́ nípò apanilára. Ìgbàwọlé, ìyẹn bí òǹwòran ṣe gba fíìmù, mẹ́ta nìyẹn lórí fíìmù kan, kò sí èyí tó parọ́ nínú wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgbowó

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mo fẹ́ pín ìwé ìbéèrè 200 lórí WhatsApp, kí n wá sọ ìdá ọgọ́rùn-ún àwọn ará Ìbàdàn tó fẹ́ràn rẹ̀. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Akọ̀wé Bódìjà

Rárá o, àbúrò. Àwọn tó máa dá ọ lóhùn lórí WhatsApp ni àwọn tó ní dátà, tó ní àyè, tó sì mọ̀ ọ́. Àwọn yẹn kọ́ ni ará Ìbàdàn. Má ṣe kọ "àwọn ará Ìbàdàn" síbì kankan nínú iṣẹ́ náà; kọ "àwọn èèyàn 60 tí mo bá sọ̀rọ̀."

Ogójì lé ogún tó fún ojú ewé 60. Pín wọn sí mẹ́ta: 20 láti inú akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì àti Pólì, 20 láti inú oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́, bí àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní Gate tàbí àwọn alásọ òkè ní Òjé, 20 tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Má lọ sí Òjé lọ́jọ́ ọjà gan-an. Wọn ò ní ráyè fún ọ, ìdáhùn kúkúrú ni o máa kó bọ̀. Gba àṣẹ kí o tó ká ohùn ẹnikẹ́ni, sọ ohun tí o fẹ́ fi ṣe, má kọ orúkọ wọn. "Oníṣòwò 7, obìnrin, ọdún 54" tó.

"Ṣé ẹ gbádùn fíìmù náà?" ni ìbéèrè tí kò wúlò jù. Wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni, torí wọ́n ń bu ọlá fún ọ. Béèrè nǹkan báyìí: ìran wo lẹ kọ́kọ́ rántí? Níbo ló ti fẹ́ sú yín? Nígbà tó dé ìdajì, ta lẹ ń fẹ́ kó borí? Ọ̀rọ̀ wo lẹ gbọ́ tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò yé yín? Ṣé ẹ ka ìtumọ̀ ìsàlẹ̀, kí ni ẹ rò nípa rẹ̀? Fi ìbéèrè àyẹ̀wò kan há a, bí "kí ni ẹ̀bùn Gbọ́tijà?" Ẹni tí kò lè dáhùn, ìpolówó lásán ló wò. Má lé e. Fi sí ọ̀tọ̀, torí ẹni tó ń bú fíìmù tí kò wò náà jẹ́ ara ìgbàwọlé.

Lẹ́yìn ìyẹn, ṣe ìjókòó ẹgbẹ́ mẹ́ta, èèyàn mẹ́fà sí mẹ́jọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 45 sí 60. Fi ìjà kan tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ hàn wọ́n kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí gbogbo wọn lè sọ̀rọ̀ lórí ohun kan náà. Yàn ibi tí jẹnẹrétọ̀ kò sí nítòsí, gba ohùn sórí fóònù méjì. Má kó ọkọ àti ìyàwó, tàbí ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́, sínú ìjókòó kan. Ọ̀kan á máa wo ojú èkejì. Wákàtí kan ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ á gba wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà láti kọ sílẹ̀. Kọ ọ́ ní Yorùbá, kí o túmọ̀ kìkì apá tí o fẹ́ lò.

Sinimá Dùgbẹ̀

Lórí àwọn tí wọ́n ṣe é fún, ẹ má gbàgbé owó. Wíwo Netflix ní àwòrán lásán ń jẹ nǹkan bí 1 GB ní wákàtí kan, àwòrán tó mọ́ dáadáa lè jẹ tó 3 GB. Fíìmù tó lé ní wákàtí méjì ń bù ju 2 GB lọ, yàtọ̀ sí owó oṣù Netflix fúnra rẹ̀. Ẹni tí èdè fíìmù náà pè àti ẹni tí owó jẹ́ kó wọlé lè máà jẹ́ ẹnì kan náà. Bi wọ́n níbi tí wọ́n ti wò ó: lórí fóònù tiwọn, lórí ti ẹlòmíràn, lórí fláàṣì tí ẹnì kan gbé wá. Ìdáhùn yẹn lágbára ju ọjọ́ orí lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni, má fi owó tíkẹ́ẹ̀tì wọn ọ́n. Àwọn kan náà ló ṣe King of Thieves tó wọ ilé sinimá ní oṣù kẹrin 2022, tó pa ju ₦300 mílíọ̀nù lọ. Orí Netflix ni Jagun Jagun gbà jáde. Ọ̀kan ní tíkẹ́ẹ̀tì, èkejì ní wákàtí wíwò. Bí o bá gbé wọn ka orí ìwọ̀n kan, ìwọ̀n náà á dà. Kódà láàárín fíìmù sinimá méjì, owó tíkẹ́ẹ̀tì ọdún kan kì í ṣe ti ọdún kejì: ₦100 mílíọ̀nù ní ₦2,000 jẹ́ èèyàn 50,000, ní ₦5,000 ó jẹ́ 20,000. Owó tó wọlé náà kì í ṣe èrè, torí ilé sinimá á mú tirẹ̀, olùpín á mú tirẹ̀.

Dátà Sángo

Ẹ̀gbọ́n Sinimá ti là á. Ẹ jẹ́ kí n fi bí Netflix ṣe ń kà á kún un. Láti oṣù kẹfà 2023, "views" tí wọ́n ń kọ kì í ṣe iye èèyàn. Wákàtí tí gbogbo ayé fi wò ó ni wọ́n fi gígùn fíìmù pín. Ká ní fíìmù kan gùn ní wákàtí 2.25, tí wọ́n fi wákàtí mílíọ̀nù 9 wò ó, ìyẹn á jẹ́ mílíọ̀nù 4. Ẹni tó wo ìdajì tó sì sá, ìdajì ni wọ́n kà á sí. Ẹni tó wò ó lẹ́ẹ̀mejì, méjì. Ọ̀sẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́ Ajé, ó parí ní Ọjọ́ Àìkú, nítorí náà fíìmù tó jáde ní Ọjọ́bọ̀, bí ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ 2023 ṣe jẹ́, ọjọ́ mẹ́rin péré ló ní nínú ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Má fi ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wé ìkejì láìsọ èyí. Àtẹ ti orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, ipò nìkan ló ń fi hàn, kò sí iye.

Rotten Tomatoes, ibi tí wọ́n ń kó èrò àwọn lámèyítọ́ jọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, náà máa ń tan èèyàn. 90% túmọ̀ sí pé mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àwọn lámèyítọ́ ní ó dáa, kódà bí gbogbo wọn bá fún un ní 6 nínú 10. Bí lámèyítọ́ márùn-ún péré ló kọ̀wé, má tiẹ̀ lo ìdá ọgọ́rùn-ún. Ka ohun tí wọ́n kọ.

Kọ́mẹ́ńtì ni àkójọ tó rọrùn jù, tó sì léwu jù. Mú 200: ọgọ́rùn-ún tí àwọn èèyàn fẹ́ràn jù, ọgọ́rùn-ún tó jẹ́ tuntun jù, torí èyí tó lékè kì í ṣojú fún gbogbo wọn. Kọ ọjọ́ tí o kó wọn. Ya àwòrán wọn, kí o nu orúkọ wọn kúrò. Ṣe ìwé àmì: ìtàn, ìjà, èdè, òṣèré, àṣà àti ìtàn ìlú, ẹ̀sìn àti oògùn, òmíràn. Ti ẹ̀sìn yẹn, má fò ó. Ọ̀pọ̀ á yìn ìjà tán, wọ́n á tún kọ pé ọfọ̀ ń já àwọn láyà. Kọ́mẹ́ńtì kan lè gba àmì méjì. Jẹ́ kí ẹlòmíràn fi ìwé àmì yẹn ka 40 nínú wọn láìwo tìrẹ. Bí ẹ bá fohùn ṣọ̀kan lórí 32 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tẹ̀síwájú. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ìwé àmì ni kò ṣe kedere; tún un kọ, má tún kọ́mẹ́ńtì ṣe.

Má sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà wá ọ̀rọ̀ fún ọ nìkan. Púpọ̀ nínú wọn ń kọ Yorùbá láìfi àmì sí i. Bí o bá wá "ogun," ogun jíjà á jáde, oògùn tí wọ́n fi o kan kọ á jáde, Ògún òrìṣà á jáde, ogún tí bàbá fi sílẹ̀ á jáde, ogún tó jẹ́ iye á jáde. Ojú ni kí o fi kà á. Àwòrán ẹ̀rín náà, kà á pẹ̀lú gbólóhùn tó tẹ̀ lé. Ó lè jẹ́ ìdùnnú, ó lè jẹ́ ẹ̀gàn.

Ọmọ Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun

Kí ó fi kún un pé ìgbàwọlé kì í ṣe "wọ́n fẹ́ràn rẹ̀" tàbí "wọn kò fẹ́ràn rẹ̀" nìkan. Nígbà tí Gangs of Lagos jáde lórí Prime Video ní oṣù kẹrin 2023, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó àti ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó bínú sí bí wọ́n ṣe lo Ẹ̀yọ̀ nínú rẹ̀. Gbólóhùn ìjọba, lẹ́tà ẹgbẹ́ ìlú, ẹjọ́ ilé-ẹjọ́, gbogbo ìyẹn jẹ́ ìgbàwọlé, àwọn tó kọ wọ́n sì lè má jẹ́ òǹwòran sinimá rárá. Wá ìwé ìròyìn. Nigerian Tribune, tó ti ń jáde láti 1949, wà ní Ìmàlẹ̀fàláfíà. Ilé-ìkàwé Kenneth Dike nínú Yunifásítì Ìbàdàn ní àtẹ̀jáde àtijọ́. Kọ ọjọ́ àti ojú ewé kí o tó jáde kúrò níbẹ̀. Fọ́tò tí kò ní ọjọ́ lára, o ò ní lè lò ó.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgbowó

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin òbí mi. Mo ti tún ìbéèrè náà kọ: "Ọfọ̀ àti idà nínú ìjà mẹ́ta inú Jagun Jagun: ohun tí èèyàn 60 ní Ìbàdàn gbọ́ àti ohun tí wọ́n kà nísàlẹ̀ àwòrán." Ṣé ọ̀sẹ̀ 12 máa tó?

Ẹ̀gbọ́n Mọ́kọ́lá

Ó tó. Ọ̀sẹ̀ méjì fún ìwé ìran àti ìjà mẹ́ta. Ọ̀kan fún gbólóhùn mẹ́wàá tí Ìyá sọ. Mẹ́rin fún ìwé ìbéèrè, ìjókòó ẹgbẹ́ àti kọ́mẹ́ńtì. Má fi kọ́mẹ́ńtì ṣáájú èèyàn, torí ohun tí o bá kà níbẹ̀ ni o máa fi sí wọn lẹ́nu. Mẹ́ta fún kíkọ. Méjì tó kù, fi sílẹ̀ fún àtúnṣe ọ̀gá rẹ, kò lè máà rí ohun tí á ní kí o tún ṣe.

Tún ohun kan ṣe nínú àkọlé rẹ: "ohun tí wọ́n kà" àti "ohun tí wọ́n gbọ́" lè jẹ́ ti ẹnì kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́ Yorùbá díẹ̀ máa ń lo etí àti ojú pọ̀. Fi ìbéèrè kan sí ìbẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ láti mọ ẹni tó gbọ́ tán, ẹni tó gbọ́ díẹ̀, àti ẹni tí kò gbọ́, kí o tó pín wọn. Kọ ìran mẹ́wàá àkọ́kọ́ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kí o gbé òpó karùn-ún wọn síbí. A ó bá ọ wò ó.

Ìyá Bẹẹrẹ

Gbé gbólóhùn ọfọ̀ mẹ́rin náà wá pẹ̀lú, pẹ̀lú àmì ohùn. Èyí tí kò bá dá ọ lójú, fi ìlà sí abẹ́ rẹ̀.